Dùùrù Kàtídírà, Orin Kérésìmesì àti Ohùn Èdè Yorùbá

Ìfáárà

Ẹni tí ó bá gba Sábó kọjá ní Yábà nínú oṣù Kejìlá yóò gbọ́ orin Kérésìmesì láti ẹnu ẹ̀rọ gbohùngbohùn àwọn olùtajà títí dé inú bọ́ọ̀sì tí ń lọ sí CMS. Bí bọ́ọ̀sì náà bá sì sọ èrò kalẹ̀ ní CMS, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó kù kí a dé Kàtídírà Kírísítì ti Ìjọ Áńgílíkà ní Màrínà, níbi tí dùùrù onífèrè ńlá tí ilé-iṣẹ́ Oberlinger ti orílẹ̀-èdè Jámánì kọ́ wà. Ọ̀pọ̀ orin tí a gbọ́ ní Sábó ni atẹdùùrù ń tẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ nínú wọn mọ́. Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni ìbéèrè kan ṣoṣo: nígbà tí dùùrù bá ń kọ orin Kérésìmesì láìsí ọ̀rọ̀, kí ni etí ọmọ Yorùbá ń gbọ́? Ìbéèrè yìí kan olùkọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé orin ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń kọ́ èdè kí wọ́n tó mọ ìwé kà.

Bí dùùrù onífèrè ṣe ń ṣiṣẹ́

Gbogbo ohun èlò tí a ń fi ìka tẹ̀ ni a máa ń pè ní dùùrù, ṣùgbọ́n ti onífèrè yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ ni ẹ̀mí rẹ̀. Láyé àtijọ́, ènìyàn ni ó ń tẹ ẹwìrì rẹ̀ bí ìgbà tí ọmọṣẹ́ alágbẹ̀dẹ bá ń fín iná. Lóde òní, ẹ̀rọ oníná mànàmáná ni ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpótí tí àwọn fèrè dúró lé lórí. Bí atẹdùùrù bá fi ìka tẹ ibì kan, ihò yóò ṣí lábẹ́ fèrè, fèrè yóò sì dún. Ohùn kan péré ni fèrè kọ̀ọ̀kan ní, ìdí nìyí tí fèrè inú dùùrù ńlá fi máa ń tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bí fèrè bá ṣe gùn tó ni ohùn rẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀ tó. Ọ̀wọ́ fèrè tí èyí tí ó gùn jù nínú rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 16 ni a sábà máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, òun ni ó ń mú kí àga ìjókòó gbọ̀n lábẹ́ ẹni.

Ojú ọjọ́ Èkó kì í fi irú ohun èlò yìí lọ́rùn sílẹ̀. Bí ooru bá mú, ohùn fèrè lásán a máa ròkè, ṣùgbọ́n ti fèrè tí ó ní ahọ́n idẹ nínú kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà; nípa bẹ́ẹ̀ ọ̀wọ́ méjèèjì kò ní bá ara wọn mu mọ́. Àsìkò Kérésìmesì gan-an ni ọyẹ́ sì máa ń fẹ́ dé, tí igi tí ó ti fa ọ̀rinrin ọ̀sà mu láti ìgbà òjò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, tí ó sì lè sán.

Orin tí ó ti wà lẹ́nu ènìyàn

Bí a bá wo àwọn iṣẹ́ Kérésìmesì tí a kọ fún dùùrù ní Yúróòpù, a ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a gbé ka orí orin tí ìjọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohùn orin Kérésìmesì kan tí ó jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Martin Luther ní 1539 ni J. S. Bach mú ní 1747 tí ó sì fi dárà fún dùùrù ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Louis-Claude Daquin ní Faransé ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn orin Kérésìmesì tí ará ìlú ń kọ, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde ní 1757. Ẹni tí ó jókòó nínú ilé ìjọsìn kò nílò ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ti wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àti ohùn orin kì í ṣe ìbejì nígbà gbogbo. Orin tí Charles Wesley kọ ní 1739 nípa àwọn ańgẹ́lì tí ń kéde ìbí Jésù ni ẹ̀rí. Mendelssohn ni ó ni ohùn tí gbogbo ayé fi ń kọ ọ́ lónìí. Ó ṣe é ní 1840 fún àjọ̀dún iṣẹ́ ìwé títẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ Kérésìmesì níbẹ̀ rárá. Ní 1855 ni W. H. Cummings so méjèèjì pọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì gba irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wọn kò sí lọ́wọ́ ohùn òkè tàbí ti ìsàlẹ̀.

Èdè Yorùbá kò gbà á. Ẹ jẹ́ kí á mú gbólóhùn tí ó jẹ́ ọkàn Kérésìmesì: *a bí Ọmọ kan*. Ohùn òkè ni ó wà lórí *bí*. Bí ohùn orin tí a yá láti ilẹ̀ òkèèrè bá wálẹ̀ níbẹ̀ dípò kí ó ròkè, etí yóò gbọ́ *bì*, tí í ṣe ti èébì. (Ẹni tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin rí yóò ti rẹ́rìn-ín irú èyí sínú.) Àgbàlagbà yóò lo òye, yóò sì mọ ohun tí a ń wí, ọmọ tí ń kọ́ àmì ohùn ni ó wà nínú ewu.

Iṣẹ́ àwọn ará Èkó

Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips, tí ó jẹ́ atẹdùùrù àti olùdarí orin ní Kàtídírà Màrínà láti 1914 sí 1962, ni ó kojú ìṣòro yìí jù. Nínú ìwé rẹ̀ *Yoruba Music* tí ó jáde ní 1953, ó ṣàlàyé pé ohùn ọ̀rọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ bí ohùn orin. Fẹlá Ṣówándé kọrin lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Ó di Fellow ti Royal College of Organists ní 1943, ó sì tẹ dùùrù ní Kingsway Hall ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1945 sí 1952. Àwọn iṣẹ́ dùùrù rẹ̀ bí *Ọbáńgíjì*, *Jésù Olùgbàlà* àti *Ọ̀yígíyigì* ka orí orin Yorùbá gẹ́gẹ́ bí ti Daquin ti ka orí orin Faransé. N kò sọ pé Kérésìmesì ni a kọ wọ́n fún. Ọgbọ́n inú wọn ni mo ń tọ́ka sí. Ayọ̀ Bánkọ́lé náà wà ní Clare College ní Cambridge láti 1961 sí 1964, nítòsí King's College tí ó sọ ìsìn ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án àti orin Kérésìmesì di olókìkí láti 1918. Nígbà tí ó yá, ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó ní Akọkà, tí kò jìnnà sí Sábó, láti 1969 títí ó fi kú ní 1976.

Nígbà náà, ṣé dùùrù lè sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù? Ó lè sọ ọ́ dé àyè kan. Onílù a máa fún ọṣán, a sì máa dẹ̀ ẹ́, kí ìlù lè gbé ohùn ẹlẹ́yọ̀ọ́ròkè àti ẹlẹ́yọ̀ọ́rodò jáde. Fèrè dùùrù kò lè yọ́, ṣe ni ó ń fò láti orí ohùn kan sí èkejì. Síbẹ̀, bí orin náà bá jẹ́ èyí tí ohùn ọ̀rọ̀ bí, ìfò náà tó fún etí láti dá ọ̀rọ̀ mọ̀.

Nínú kíláàsì

Ilé ẹ̀kọ́ kò ní dùùrù onífèrè, kò sì pọn dandan. Dùùrù kékeré oníbátìrì tàbí fèrè lásán tó. Kí olùkọ́ mú orin Kérésìmesì méjì, ọ̀kan tí a túmọ̀ sí ohùn òkèèrè, ọ̀kan tí Yorùbá ṣe fúnra rẹ̀, irú èyí tí àwọn ọmọ kò tíì gbọ́ rí. Kí ó tẹ ìlà àkọ́kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan láìsí ọ̀rọ̀, kí ó sì bi wọ́n pé gbólóhùn wo ni ó lè bá a lọ. Kí ó kọ ìdáhùn wọn sójú pátákó pẹ̀lú àmì ohùn. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ ọ̀rọ̀ orin gan-an sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí àwọn ọmọ fi ìka tọ́ka sí ibi tí ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin ti pínyà.