Ṣé O Mọ̀? Ẹran Ọ̀sìn Nínú Ooru Ọ̀fà

Ṣé o mọ̀ pé adìyẹ kì í làágùn? Kò ní ihò òógùn lára rárá. Wo èyí tó wà nínú àgò l'ọ́jà Owódé l'ọ́sàn-án gangan oṣù Kẹta: ó lanu sílẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó gbé apá kúrò lára. Fọwọ́ kan ogbe orí rẹ̀, wàá rí i pé ó gbóná. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń gbé ooru wá, kí atẹ́gùn lè gbà á lọ.

Ṣé o mọ̀ pé mímí hẹlẹhẹlẹ yẹn wà lára ohun tó ń sọ èèpo ẹyin di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́? Bó ṣe ń mí, bẹ́ẹ̀ ni carbon dioxide ń dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, òun gan-an sì ni ara ń lò pọ̀ mọ́ calcium láti fi ṣe èèpo. Ooru kì í sì í jẹ́ kó jẹun dáadáa. Kó o tó bá ẹni tó ń ta oúnjẹ adìyẹ jà, jọ̀ọ́, kọ́kọ́ wò ó bóyá atẹ́gùn ń wọ ilé adìyẹ rẹ.

Adìyẹ tí kò níyẹ̀ẹ́ lọ́rùn ńkọ́? Kò ṣàìsàn o. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, ó sì ń fara da ooru ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹlẹ́dẹ̀ kì í fẹ́ràn ẹ̀gbin. Òógùn rẹ̀ ò tó nǹkan ló ṣe ń yí nínú ẹrẹ̀: ẹrẹ̀ ń pẹ́ gbẹ ju omi lásán, kì í sì í jẹ́ kí oòrùn bó o lára.

Ṣé o mọ̀ pé abẹ́ irun funfun màlúù Fúlàní, awọ dúdú ló wà? Irun ń dá oòrùn padà, awọ ń dènà èyí tó bá kọjá. Ó ń làágùn dáadáa, awọ tó fì lábẹ́ ọrùn rẹ̀ sì ń fẹ ojú ibi tí ooru ń gbà jáde.

Ẹpọ̀n àgbò máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí i nígbà ooru, torí àtọ̀ kì í dára bí ibẹ̀ bá gbóná tó inú ara. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ooru líle ni àbùkù rẹ̀ ń hàn, tí abo á máa gùn lásán láìlóyún.

Ṣé o mọ̀ pé dída oúnjẹ nínú ara ń mú ooru wá? Adìyẹ tó jẹun yó ní agogo mọ́kànlá àárọ̀ ti fi ooru inú kún ti òde. Fún un ní tirẹ̀ ní ìdájí àti ìrọ̀lẹ́, kó o sì gbé táǹkì omi rẹ̀ sábẹ́ igi, torí kì í mu omi gbígbóná tó bó ṣe yẹ.