Jọ́nà tó ní ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sá fún un!

Àbúrò mi kan tó ń ṣèwádìí lórí kòkó pè mí láti Ọ̀wẹnà, níbi tí CRIN ti ní ibùdó ìwádìí. Jọ́nà kan ní kó sanwó, àwọn á gbé iṣẹ́ ẹ̀ jáde láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní, "Dúró ná!"

Àwọn jọ́nà gidi kan náà ń gbowó o, àmọ́ wọn kì í kánjú. Àwọn onímọ̀ míì ló máa kọ́kọ́ yẹ iṣẹ́ náà wò. Ó lè gba oṣù mélòó kan.

Ẹ tẹ̀lé ìlànà jọ́nà tí ẹ yàn. Ẹ má fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí jọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Tí wọ́n bá ní kí ẹ tún un ṣe, ẹ má bínú, ẹ dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ tẹ́nikẹ́ni ò yẹ̀ wò, ta ni yóò gbà á gbọ́? Àgbẹ̀ tí kòkó rẹ̀ ń jẹrà lórí igi ló máa jìyà ẹ̀.