Bí Ẹ̀jẹ̀ Bá Dì, Ọ̀nà a Dí

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde sọ̀rọ̀ ọkàn. Sítẹ́ǹtì wà nínú àyà mi. Ó sì kù díẹ̀ kí n fi ọwọ́ ara mi ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Kí ni sítẹ́ǹtì? Ọ̀pá oníhò kékeré tí a fi irin hun bí àwọ̀n ni. Láti inú iṣan ọrùn ọwọ́ tàbí ti itan ni àwọn oníṣègùn ti ń tì í dé iṣan ọkàn tí ọ̀rá ti dí, wọn a sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀ kí ọ̀nà náà má baà tún há. Jacques Puel ni ó kọ́kọ́ fi í sínú iṣan ọkàn ènìyàn, ní Toulouse ní ilẹ̀ Faransé, ní oṣù kẹta ọdún 1986. Kò pẹ́ tí a fi rí i pé ẹ̀jẹ̀ máa ń dì nínú irin náà.

Kí ni ó fà á? Bí ọ̀bẹ bá gé wa lọ́wọ́, dídì ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbà wá. Ẹ̀jẹ̀ kò mọ̀ pé olùrànlọ́wọ́ ni irin yìí. Àlejò ni ó kà á sí, ojú ọgbẹ́ ni ó sì ka ibẹ̀ sí. Ohùn nìkan ni ó ya “dì” àti “dí” sọ́tọ̀ nínú èdè wa. Nínú iṣan ọkàn, ìgbésẹ̀ kan péré ni ó wà láàárín wọn. Ìgbà tí awọ fẹ́lẹ́ inú iṣan bá hù bo irin náà ni ewu tó ń rọlẹ̀, èyí sì ń gba ọ̀pọ̀ oṣù.

Ìdí nìyí tí a fi ń lo aspirin pẹ̀lú oògùn kejì bíi clopidogrel, fún oṣù 6 tàbí 12 lọ́pọ̀ ìgbà. Ní oṣù kẹta tèmi, ìdí eyín mi ń ṣẹ̀jẹ̀, ara mi sì le. Ni mo bá fi oògùn kejì sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ọmọ mi obìnrin ni ó rí i pé oògùn kò dínkù, tí ó sì pe dókítà. Dókítà ní dídá oògùn dúró kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé wà lára ohun tí ó ń fa dídì yìí jùlọ. Ó rán mi lọ tọ́jú eyín, ṣùgbọ́n oògùn kò yẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ dá a dúró, ìbáà ṣe nítorí eyín tàbí iṣẹ́ abẹ, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà ọkàn yín. Bí àyà bá ń dunni lójijì, ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Mo rò pé àlàáfíà mi fi hàn pé n kò nílò oògùn mọ́. Oògùn gan-an ni ó ń ṣọ́ àlàáfíà náà.