Ìsinmi Ẹni Tí Kò Ní Ọ̀gá

Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé jọ gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu kí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ. Ewu kí àrùn ọkàn pa á fi ìdá 17 jù ú lọ. Wọ́n fojú bù ú pé lọ́dún 2016 nìkan, nǹkan bí èèyàn 745,000 ni iṣẹ́ àṣejù ti ọ̀nà àrùn méjèèjì yìí rán lọ sọ́run.

Ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, wákàtí 55 kì í ṣe ohun àwòyanu. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, tó sì dáwọ́ dúró ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ti ṣe 60, a ò sì tíì ka ìdáná àti ìtọ́jú ọmọ mọ́ ọn.

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà gbìyànjú níwọ̀nba. Ó ní kí òṣìṣẹ́ ní odindi ọjọ́ kan láti sinmi nínú ọjọ́ méje, kí ó fi wákàtí kan mí bí iṣẹ́ òòjọ́ bá ti tó wákàtí mẹ́fà, kí ó sì gba ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, lọ́dún láìyọ kọ́bọ̀ lára owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní agbanisíṣẹ́ ni òfin yìí ń bá wí. Télọ̀, ọlọ́kadà, àgbẹ̀, ìyá tó ń yan gàárì, ta ni wọ́n fẹ́ lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀? Lójú tèmi, ètò tí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sílẹ̀ ni òfin iṣẹ́ tirẹ̀. Òun ló sì nílò rẹ̀ ju òṣìṣẹ́ ìjọba lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ń ṣe gàárì Ìjẹ̀bú. Yóò bó ẹ̀gẹ́, yóò fọ̀ ọ́, yóò gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ, yóò rọ ọ́ sínú àpò, yóò sì tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ máa ro. Ọjọ́ mélòó kan tó fi wà nínú àpò yẹn ló ń fún gàárì Ìjẹ̀bú ní kíkan tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ níbi gbogbo. Lẹ́yìn náà ló kan jíjọ̀ àti yíyan, tí iná àti èéfín yóò máa ta sí i lójú. Ìbéèrè tó yẹ kó bi ara rẹ̀ ni pé, kí ni mò ń ṣe nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá wà nínú àpò? Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ mìíràn ni wọ́n tún ń bó. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀ ti yọ̀ǹda àyè. Bó bá bó ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ Ajé, tó sì fẹ́ yan án lọ́jọ́bọ̀, Ọjọ́rú lè jẹ́ tirẹ̀. Kó sùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ dáadáa, kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò nílé ìwòsàn, kó jókòó ti ọmọ rẹ̀ nídìí iṣẹ́ iléèwé.

Ohun tó máa ń tú irú ètò yìí ká ni owó. Alájọ wúlò níbí. Bí ó bá ń dá náírà 300 lójúmọ́ fún ọjọ́ 31, alájọ yóò mú ti ọjọ́ kan, 9,000 yóò sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Bó bá pín in sí Ọjọ́rú mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gba 2,250. Kò tó èrè òòjọ́, ṣùgbọ́n ó lè se ọbẹ̀ alẹ́ ọjọ́ náà.

Ó tún ku ẹlẹ́rìí, ẹni tí yóò mọ̀ bí ìsinmi náà bá yẹ̀. Ẹ wo àjọ̀dún Ojúde Ọba: ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe é ní Ìjẹ̀bú-Òde, òṣùpá sì máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 fà á síwájú lọ́dọọdún. Síbẹ̀, kì í bọ́ lọ́wọ́ àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí tí Awùjalẹ̀ Sikiru Adetona, tó wàjà lóṣù keje ọdún 2025, mú gbilẹ̀ padà. Wọ́n ti yan aṣọ, wọ́n ti dáwó, ẹni tó wà l'Ékòó àti ẹni tó wà lókè òkun ti yẹ iṣẹ́ sápá kan. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí ẹgbẹ́ máa wá òun tì. Ìsinmi Ọjọ́rú náà nílò irú ojú bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀: kí ọkọ mọ̀, kí ọmọ mọ̀, kí oníbàárà mọ̀ pé fóònù yóò wà ní pípa di ìrọ̀lẹ́.

Bí ọjà ọrọọrún, tó ń yí po ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, bá wà nínú iṣẹ́ rẹ̀, kó tètè ṣírò rẹ̀ mọ́ ọn, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ní ọjọ́ 28 ni ọjà náà yóò bọ́ sí Ọjọ́rú gan-an. Lọ́sẹ̀ yẹn, kí ìsinmi bọ́ sí ọjọ́ mìíràn, kó sì kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ ṣáájú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kó ka iye Ọjọ́rú tí iṣẹ́ gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó bá ti ju ìdajì lọ, Ọjọ́rú kò bá a mu nìyẹn. Kó yan ọjọ́ mìíràn, kó sì tún ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà.