Amul
Amul ni orúkọ tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ oníwàrà ní ìpínlẹ̀ Gujarat, orílẹ̀-èdè Índíà, fi ń ta ọjà wọn. Ìlú Anand ni ẹgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1946. Nígbà náà, ilé-iṣẹ́ Polson nìkan ni ìjọba fún ní àṣẹ láti kó wàrà agbègbè náà lọ sí Bombay, owó tí kò tó nǹkan sì ni àwọn àgbẹ̀ ń rí gbà. Lórí ìmọ̀ràn olóṣèlú Vallabhbhai Patel, wọ́n kọ̀ láti ta wàrà títí ìjọba fi gbà fún wọn. Tribhuvandas Patel ni alága àkọ́kọ́. Verghese Kurien dara pọ̀ mọ́ ọn ní 1949. Ní 1965, ìjọba Lal Bahadur Shastri dá àjọ kan sílẹ̀ lábẹ́ Kurien láti tan ètò náà káàkiri. Índíà ni ó ń pèsè wàrà jùlọ lágbàáyé lónìí.