Kọ̀ntẹ́nà sọ́fítíwia lórí kíláòdù

Kọ̀ntẹ́nà sọ́fítíwia jẹ́ ọ̀nà tí a fi ń di ètò kọ̀ǹpútà kan pọ̀ mọ́ gbogbo ohun tí ètò náà nílò, kí ó lè ṣiṣẹ́ bákan náà lórí ẹ̀rọ èyíkéyìí tí a bá gbé e lé. Orúkọ náà wá láti ara àpótí irin ńlá tí ọkọ̀ ojú omi fi ń kó ẹrù, irú èyí tó kún èbúté Apápá ní Èkó. Ọkọ̀ àti tírélà kì í béèrè ohun tó wà nínú àpótí náà kí wọ́n tó gbé e, nítorí pé gbogbo ayé ti fẹnu kò lórí ìwọ̀n rẹ̀. Kíláòdù ní tirẹ̀ ni ètò tí ilé-iṣẹ́ kan fi ń yá àwọn ẹlòmíràn ní kọ̀ǹpútà rẹ̀ lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì ń sanwó ohun tí wọ́n bá lò. Kí kíláòdù tó lè gba kọ̀ntẹ́nà, ó ní láti mọ ibi tí yóò gbé e sí, kí ó máa ṣọ́ ọ, kí ó sì dáàbò bo oníbàárà kan lọ́wọ́ èkejì. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló le jù.

Bí kọ̀ntẹ́nà ṣe ń ṣiṣẹ́

Àwọn ènìyàn sábà máa ń pe kọ̀ntẹ́nà ní kọ̀ǹpútà kékeré inú kọ̀ǹpútà ńlá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ àfarawé, tí í ṣe sọ́fítíwia tó ń ṣe bí odidi kọ̀ǹpútà, ni a lè pè bẹ́ẹ̀: ó ní kánẹ́ẹ̀lì tirẹ̀, ìyẹn ọkàn ètò ìdarí ẹ̀rọ, tó ń pín mẹ́mọ́rì àti agbára ìṣirò fún àwọn ètò yòókù. Kọ̀ntẹ́nà kò ní kánẹ́ẹ̀lì. Iye kọ̀ntẹ́nà yòówù kó wà lórí ẹ̀rọ kan, kánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò. Wọ́n dà bí ayálégbé inú ilé kan: kálukú ló ní yàrá àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kànga kan ni gbogbo wọn ń pọn.

Nínú Linux, irinṣẹ́ méjì ló ń mọ ògiri àwọn yàrá wọ̀nyí. Àkọ́kọ́ ni namespace, tó ń pinnu ohun tí ètò kan lè rí. Ètò inú kọ̀ntẹ́nà lè máa rí ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ètò nọ́ńbà 1, bẹ́ẹ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ètò mìíràn ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ kan náà. Èkejì ni cgroup, tó ń pinnu ìwọ̀n tí ó lè jẹ. Bí kọ̀ntẹ́nà bá fẹ́ lo mẹ́mọ́rì ju ìpín rẹ̀ lọ, kánẹ́ẹ̀lì lè pa ètò inú rẹ̀ kí ó má baà kó bá àwọn aládùúgbò.

Ìtàn

Èrò yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1979, ẹ̀dà keje Unix ti ní chroot, tó ń jẹ́ kí ètò kan ka fódà kan ṣoṣo sí gbogbo ayé. Ní ọdún 2006, Paul Menage àti Rohit Seth, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Google, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ohun tó di cgroup, ó sì wọ inú Linux 2.6.24 ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2008. Síbẹ̀, àwọn ògbóǹtarìgì ló ń lò ó jù.

Docker ló yí èyí padà. Solomon Hykes ti ilé-iṣẹ́ dotCloud ló fi í han àwùjọ níbi ìpàdé PyCon ní California ní oṣù Kẹta ọdún 2013. Ògiri kọ́ ni Docker mú wá, ìdìpọ̀ ni. Ẹni tó ni ètò yóò kọ ìlànà rẹ̀ sínú fáìlì tí a ń pè ní Dockerfile, Docker yóò sì fi ṣe image, ìyẹn ẹrù dídì tí a lè tọ́jú tàbí kí a fi ránṣẹ́. Ìpele-ìpele ni image máa ń wà. Bí image mẹ́wàá bá ní ìpele ìsàlẹ̀ kan náà, ẹ̀dà kan péré ni ẹ̀rọ yóò tọ́jú. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, a dá Open Container Initiative sílẹ̀ kí image tí irinṣẹ́ kan dì lè ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ òmíràn.

Iṣẹ́ atukọ̀

Lórí ẹ̀rọ kan, ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tan kọ̀ntẹ́nà. Lórí ẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ, kò ṣeé ṣe. Google ti ń lo ètò Borg fún iṣẹ́ yìí nínú ilé tirẹ̀ kí Joe Beda, Brendan Burns àti Craig McLuckie tó bẹ̀rẹ̀ Kubernetes, tí a kéde ní oṣù Kẹfà ọdún 2014. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni Kubernetes, atukọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Láti inú ìdílé ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni “gómìnà” ti wá, lẹ́yìn tí ó gba ọwọ́ Látìnì, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Oníbàárà kì í pàṣẹ fún Kubernetes ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀. Ohun tó fẹ́ kí ó wà ló ń kọ sílẹ̀, bí àpẹẹrẹ, ẹ̀dà mẹ́ta ètò kan. Kubernetes yóò wá ẹ̀rọ tó láyè, yóò sì máa fi ohun tó wà wé ohun tí a kọ láìdúró. Bí ẹ̀rọ kan bá kú, tí ẹ̀dà mẹ́ta di méjì, yóò tan òmíràn níbòmíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí lóru. Àdírẹ́sì ẹ̀dà tuntun náà yóò yàtọ̀, nítorí náà a ń fún gbogbo wọn ní orúkọ kan tí kì í yí padà, tí a ń pè ní Service.

Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ló sábà ń kó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ sí wàhálà. Fáìlì tí ètò bá kọ sínú kọ̀ntẹ́nà yóò bá kọ̀ntẹ́nà náà lọ ní ọjọ́ tí a bá pa á rẹ́. Àkọsílẹ̀ owó tàbí èsì ìdánwò kò gbọdọ̀ gbé ibẹ̀. Kíláòdù ní láti pèsè ibi ìpamọ́ lóde, tí a ń pè ní volume, kí ó sì so ó mọ́ ẹ̀dà tuntun níbikíbi tí ó bá ti jí. Nígbà tí ọdún 2018 fi máa parí, Google, Amazon àti Microsoft ti ń ta Kubernetes tí àwọn fúnra wọn ń bójú tó.

Kànga àjùmọ̀lò

Bí ayálégbé kan bá da májèlé sí kànga, gbogbo ilé ni yóò mu ún. Bí ètò kan bá rí àlébù inú kánẹ́ẹ̀lì lò, bákan náà ni. Ògiri pàápàá lè lanu: ní oṣù Kejì ọdún 2019, a kéde àlébù CVE-2019-5736 nínú runc, irinṣẹ́ tí Docker àti ọ̀pọ̀ Kubernetes fi ń tan kọ̀ntẹ́nà. Kọ̀ntẹ́nà tí oníṣẹ́ ibi kọ lè yí fáìlì runc fúnra rẹ̀ padà, kí ó sì gba àṣẹ ọ̀gá lórí gbogbo ẹ̀rọ náà. Lórí ẹ̀rọ ẹni, ọ̀rọ̀ ara ẹni nìyẹn. Lórí kíláòdù, ilé ìfowópamọ́ lè wà ní yàrá kejì.

Ọ̀nà méjì sí ìṣòro yìí jáde fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 2018. gVisor ti Google ń dúró láàárín kọ̀ntẹ́nà àti kánẹ́ẹ̀lì, ó sì ń dáhùn ọ̀pọ̀ ìbéèrè ètò fúnra rẹ̀. Firecracker ti Amazon gbẹ́ kànga fún yàrá kọ̀ọ̀kan: ó ń fi ẹ̀rọ àfarawé tín-ín-rín kan, tó ní kánẹ́ẹ̀lì tirẹ̀, yí iṣẹ́ oníbàárà ká. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láàárín 125 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá, mẹ́mọ́rì tó sì ń lò fún ara rẹ̀ kò tó 5 MiB. Ààbò yìí ní owó orí rẹ̀. Ètò tó ń ka fáìlì léraléra máa ń falẹ̀ lórí gVisor, nítorí pé ọwọ́ alárinà ni ìbéèrè rẹ̀ ń gbà kọjá. Firecracker kò sì lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí kò bá ní KVM, irinṣẹ́ tí Linux fi ń gbé ẹ̀rọ àfarawé.