Ohun Tó Wà Nínú Ọsàn, Ohun Tó Wà Nínú Ata

Ọsàn la máa ń rà dání bí a bá ń lọ kí aláìsàn ní ọsibítù. N kò tíì rí ẹni tó di ata rodo sínú ọ̀rá lọ bá ẹni tó wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn. Síbẹ̀, bó bá jẹ́ tìtorí fítámì C la ṣe ń gbé ọsàn lọ, ata ló yẹ kó ṣíwájú. Ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ti wọn àwọn méjèèjì. Nínú 100 gíráàmù ọsàn tí a ti bó, wọ́n bá nǹkan bíi mílígíráàmù 53 fítámì C. Nínú ìwọ̀n kan náà ata pupa tó ń ta lẹ́nu, tí iná kò tíì kàn, wọ́n bá 144. Ata tí kò tíì pọ́n, tó ṣì ní àwọ̀ ewé, tún kọjá bẹ́ẹ̀: 242 ni tirẹ̀.

Fítámì C nìkan kọ́. Èròjà amúaradàgbà inú ata tó ìlọ́po méjì tọsàn, pòtásíọ̀mù tí ọkàn àti iṣan fi ń ṣiṣẹ́ sì jẹ́ mílígíráàmù 322 nínú ata, 181 nínú ọsàn. Ibi tí ọsàn ti gbawájú ni káṣíọ̀mù, fáíbà, àti ṣúgà tó ń jẹ́ kó dùn lẹ́nu. Ìyókù inú àwọn méjèèjì, omi ni.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ọwọ́ àwọn méjèèjì yìí kan náà ni ayé ti gba ìmọ̀ fítámì C. Lọ́dún 1747, James Lind, dókítà nínú ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Salisbury, mú atukọ̀ 12 tí àìsàn tí àìtó fítámì C ń fà ti dá dúbúlẹ̀: èrìgì wọn ti wú, ó ti ń jẹrà, orúnkún wọn kò gbé wọn mọ́. Ó pín wọn ní méjì-méjì, ó sì fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní oògùn tirẹ̀. Àwọn kan mu ọtí kíkan, àwọn kan mu omi òkun. Àwọn méjì tó ń jẹ ọsàn méjì àti ọsàn kíkan kan lójúmọ́ ló kọ́kọ́ gbádùn. Láàárín ọjọ́ mẹ́fà, ọ̀kan nínú wọn ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tó wà nínú ọsàn náà gan-an, ó tó nǹkan bí 180 ọdún sí i kí ẹnikẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ̀ ọ́n. Albert Szent-Györgyi, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Họ́ngárì, ti rí díẹ̀ fà yọ lára ọsàn, kábéèjì àti ẹ̀yà ara kan tó wà lórí kíndìnrín màlúù, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó èyí tó lè fi ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, ó wà ní Szeged ní Họ́ngárì, ìlú tí wọ́n ti ń gbin ata bí a ti ń gbin ẹ̀gẹ́. Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ròyìn rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ gbé ata tútù sí oúnjẹ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Kò wù ú jẹ. Ó mú un lọ sí ibi ìwádìí rẹ̀, nígbà tó sì fi máa di ọ̀gànjọ́, ó ti mọ̀ pé ìṣúra fítámì C ló wà lọ́wọ́ òun. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tó fi ní èyí tó wúwo ju kílò kan. Lọ́dún 1937, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Ata tó lò kì í ta bíi rodo, tàtàṣé ló bá tan.

Àlejò sì ni ata àti ọsàn lọ́dọ̀ wa. Amẹ́ríkà ni ata ti wá, ọkọ̀ àwọn Potogí ló gbé e dé etíkun wa lẹ́yìn 1492. Éṣíà ni ọsàn ti ṣẹ̀ wá. Kí rodo tó dé, ataare àti ìyèré ló ń ta nínú ọbẹ̀ àwọn baba ńlá wa.

Ẹ fi ọ̀bẹ la rodo kan sí méjì láti ìdí igi rẹ̀ wálẹ̀. Awọ rẹ̀ tín-ín-rín, ó ń dán, òórùn rẹ̀ sì dùn bí òórùn èso tó pọ́n dáadáa, kí títa rẹ̀ tó dé imú. Láàárín rẹ̀ ni nǹkan funfun kan wà tó rọ̀, òun ni gbogbo kóró so mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé kóró ló ń ta, wọ́n á sì máa gbọ̀n ọ́n dànù. Kì í ṣe kóró. Nǹkan funfun yẹn ló ń pèsè kapsaicin tó ń ta. Kóró kàn fara kó o ni. Èròjà yìí ń jí iṣan tó máa ń mọ ooru lára, ọpọlọ á sì gbà pé iná ló jó ahọ́n. Àwárí yìí wà lára ohun tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì David Julius fi gba Nobel ní 2021. Ẹyẹ kì í mọ títa yẹn lára, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣa ata wẹẹrẹ jẹ tí wọ́n sì ń su kóró rẹ̀ káàkiri oko.

Títa yìí náà ló gba ipò lọ́wọ́ ata. Ọsàn kan tí kò tóbi jù, bí a bá bó o, yóò wọ̀n tó 130 gíráàmù, fítámì C inú rẹ̀ á sì tó mílígíráàmù 70. Ohun tí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ní kí àgbàlagbà obìnrin máa jẹ lójúmọ́ ni 75, ti ọkùnrin ni 90. Ọsàn kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí iṣẹ́ náà. Bí rodo kan bá wọ̀n tó gíráàmù mẹ́wàá, nǹkan bíi 14 péré la máa rí nínú rẹ̀, ìyẹn tí a bá jẹ ẹ́ ní tútù. Ẹ̀mí tí kò jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ rodo márùn-ún ní tútù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?

Ọbẹ̀ la fi ń ṣe. A ó lọ ata, a ó gbé e kaná kí omi rẹ̀ gbẹ, a ó wá dín in títí epo yóò fi lé sókè. Fítámì C kò fẹ́ràn iná, kò fẹ́ràn atẹ́gùn, ó sì máa ń yòrò sínú omi. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó bọ ata tán tó wá da omi pupa náà sí gọ́tà, nítorí èyí tí iná ṣẹ́ kù ló ń dà nù. Ẹ jẹ́ kí omi náà gbẹ sínú ìkòkò. Ohun tí dídín kì í gbà tán lọ́wọ́ ata ni àwọn èròjà aláwọ̀ inú rẹ̀ tí ara ń sọ di fítámì A fún ojú. Epo tilẹ̀ ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti wọ ara ni. Ẹni tó bá ń fẹ́ fítámì C ata, kó jẹ iṣu sísun pẹ̀lú epo àti ata gígún tí kò kan iná.

Àwa náà ni a tún ń ṣe ọsàn báṣubàṣu. Ẹ wo ìyá ọlọ́sàn lẹ́bàá títì: ọ̀bẹ rẹ̀ ń yí, èèpo aláwọ̀ ewé ń já bọ́ ní okùn gígùn kan, awọ funfun ń ṣẹ́ kù, ó gé orí rẹ̀, ó nà án sí wa. A fún un, a mu omi rẹ̀, a sì sọ gbogbo ìyókù sínú gọ́tà. Inú ìyókù yẹn ni fáíbà wà, èyí tó ń mú ìgbẹ́ rọrùn, tí kì í jẹ́ kí ṣúgà ya wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ pín in sí abala-abala, kí ẹ jẹ gbogbo rẹ̀, kóró nìkan ni kí ẹ tu. Ẹ má sì tìtorí àwọ̀ ewé kọ ọsàn wa: òtútù òru ló máa ń lé àwọ̀ ewé kúrò lára ọsàn àwọn ilẹ̀ tó tutù, òru tiwa kò tutù tó bẹ́ẹ̀. Ó ti pọ́n, ó sì dùn.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn aboyún àti àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin gbọ́ ni ti irin. Irin inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ kì í tètè wọ ẹ̀jẹ̀ bíi ti ẹran, fítámì C ló máa ń ṣílẹ̀kùn fún un, bí wọ́n bá pàdé nínú ikùn lákòókò kan náà. Nítorí náà, bí ẹ bá jẹ ẹ̀wà lọ́sàn-án, ẹ jẹ ọsàn yín lé e lórí lójú ẹsẹ̀, ẹ má dì í di alẹ́. Tíì ni kí ẹ fi sílẹ̀ títí wákàtí kan yóò fi kọjá, nítorí tíì máa ń dí irin lọ́nà.